Páànù Ọmọ Mẹ́rin Lórí Ilé Màmá

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹta, 1995

Ìjì ti ká òrùlé wa lọ. Pálọ̀ Fàòsíyà, aládùúgbò wa, ni mo ti ń kọ èyí, nítorí kò sí ibi tó gbẹ nínú ilé tiwa mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ kò dá ìwàásù dúró, èmi náà kò sì lè dìde nítorí ìjókòó iwájú ni mo wà. Kí n tó sáré dé Òkè-Ogbò, àdúgbò wa, páànù apá méjì ilé ti wà lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, apá méjì yòókù ti ya, ó ń fì sókè sódò. Mo bá Màmá ní àkòdì, àgbàlá àárín ilé tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí ká, lórí àpótí ìjókòó wọn. Wọ́n tutù rinrin, wọ́n ń wo èlùbọ́ tí wọ́n sá láàárọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Wọ́n ní oorun ni àwọn ń sùn, àwọn kò gbọ́ ìjì náà rárá. Ìgbà tí òrùlé yàrá wọn ṣí, tí omi dà sí wọn lójú, ni wọ́n tó jí.

Etí Màmá ti ń di díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. A máa ń fi ṣeré. Àwa á pariwo, àwọn á ní kí ni a ń jà lé lórí. Lónìí n kò lè fi ṣeré. Pákó kan tó gùn ju mi lọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn nígbà tí mo wọlé, ibi tí orí wọn máa ń wà gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹta

Lẹ́yìn iṣẹ́ ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo lọ tò ní ọ́fíìsì tẹlifóònù títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo bá Oyèkúnlé sọ̀rọ̀ ní Kàdúná. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé ayé, ṣùgbọ́n òun ni dáwódù, ó sì ń fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, mò ń bọ̀ wá mú Màmá." Mo ní kí ó jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ilé ṣe. Ó ní ilé wo.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹta

Ooru mú gidi. Màmá kọ̀, wọn kò jẹun nílé Fàòsíyà. Wọ́n ní àwọn kì í jẹun níbi tí àwọn kò ti lè rí ẹnu ọ̀nà àwọn. Fàòsíyà kò jiyàn. Ó gbé àga wọn síta, ó kọjú rẹ̀ sí ilé wa tí kò lórí, ó gbé oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹta

A ṣe ìpàdé. Oyèkúnlé ti dé láti àná. Fẹ́mi àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Yunifásítì wá, Bísí àbígbẹ̀yìn wa sì wọkọ̀ láti Ìpetumodù, ó gbé iṣu dání bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a jókòó sí, oòrùn sì ń ta wá lórí bí ẹni pé ìta ni a wà.

Oyèkúnlé ní, "Àǹtí mi, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lẹ fi máa ń wà nílé ìwé. Ẹni tí ò gbọ́ ìjì, ṣé olè ni wọ́n máa gbọ́? Àbí iná?"

Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Ó ti lọ wo pákó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi mí pé kí ló ń wí. Mo pariwo pé ó ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Kàdúná. Wọ́n yíjú sí i.

Wọ́n ní, "Oyèkúnlé, mo dúpẹ́. Inú yàrá yìí ni mo ti bí gbogbo yín. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, n ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ bo ilé mi fún mi."

Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Fẹ́mi ló wá rí ọ̀nà àárín. Oyèkúnlé yóò padà wá fún ìsinmi Iléyá. Bí òjò bá rọ̀ lójú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé Màmá lè dá wà nínú ilé náà, wọn yóò dúró. Bí kò bá balẹ̀, wọn yóò bá a lọ. A pariwo gbogbo rẹ̀ fún Màmá, wọ́n gbà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń fi ewé gbòdògì bo ilé ìyá tiwọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gbé ẹrù ewé tirẹ̀ wá láti inú igbó, kò sí ẹni tó dá a ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo dìde, mo ní kí olúkúlùkù wa mú páànù tirẹ̀ wá, kí ó tó di Àjíǹde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹta

Lágúnjú káfíńtà wá wo ilé. Ó gun òkè, ó ń gún igi lọ́bẹ, ó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí mi bí ẹni pé ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni mí. "Tíṣà, ikán ti jẹ wọ́ọ̀lù pléètì yín tán. Ráftà, ó ku díẹ̀ tó dáa. Ti pọ́líìnì, ẹ má wulẹ̀ bi mí." Mo ń mi orí bí ẹni pé ó yé mi. Mo mi orí títí ọrùn fi ń dùn mí, n kò mọ ohun kan tó ń wí.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ mo ní kí ó padà gòkè. Mo ní kí ó fi ọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Èyí tó sùn gbalaja lórí ògiri ni wọ́ọ̀lù pléètì. Èyí tó dagun láti ibẹ̀ lọ sókè ni ráftà. Ibi tí ráftà ọ̀tún ti pàdé ti òsì lókè téńté ni rìíjì. Èyí tó sùn kọjá lórí ráftà ni pọ́líìnì, òun ni wọ́n ń kan páànù mọ́. Pákó tó di etí òrùlé yíká ni fáṣíà. Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà, mo fi han Màmá.

Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ibo ló máa dà sí?" Ìkòkò wọn ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn, èyí tí omi orí òrùlé máa ń dà sí ní àkòdì. Lágúnjú ní ibi tó ń dà sí tẹ́lẹ̀ náà ni.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹta

Mo kọ́ kíláàsì mi ní ẹ̀yà òrùlé lónìí dípò ìṣirò. Wọ́n gbọ́ ọ yé jù mí lọ.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹta

Pákó dé láti sọ́mìlì, igi àfàrà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti tún fowó lé e láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lágúnjú ní kí a fi ọ́ìlì dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kùn ún nítorí ikán. Èmi àti Fàòsíyà kùn ún láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ìró mi kan ti bàjẹ́ kọjá àlà. Fàòsíyà ní kí n má fọ̀ ọ́, kí n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí a máa ṣílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀ lé ògiri wa lórí. Ògiri alámọ̀ tí kò lórí, kí ni kò ní ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń yọ́ lójú wa, omi pupa ń ṣàn jáde ní ẹnu ọ̀nà. A fi àwọn páànù tó ti ya àti rọ́bà bo orí rẹ̀, a sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ṣe tán, mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Màmá dúró lábẹ́ agboòrùn lójúde Fàòsíyà, wọ́n ń wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹrin

Ráftà ti dúró yíká. Nígbà tí ó ku igi orí rìíjì, Lágúnjú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó òòlù sílẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo bomi fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọn kò dìde. Fàòsíyà ló wá fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé àbí n kò mọ̀ pé igi orí ilé kì í gòkè láìjẹ́ pé onílé se oúnjẹ. Mo mọ̀, ìdààmú ló jẹ́ kí n gbàgbé. A gún iyán lójú ẹsẹ̀, Màmá fúnra wọn dá sí i, wọ́n sì ní kí n pa àkùkọ kan. Àwọn káfíńtà jẹun tán, igi gòkè. Lágúnjú ní òrùlé yìí ti yó.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹrin, Àjíǹde

Páànù ti pé. Ọkọ̀ ẹrù gbé ti Oyèkúnlé wá láti Kàdúná, ó nípọn, ó wúwo, ènìyàn mẹ́rin ló gbé e. Fẹ́mi ra tirẹ̀ ní gbàǹjo níbi iṣẹ́ rẹ̀, àlúmíníọ̀mù ni, aláwọ̀ búlúù, ó gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tèmi ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń rà. Ti Bísí ló dé kẹ́yìn. Ó fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti agolo mílíìkì, ojú sì ń tì í bó ṣe ń tú u. Ọjà kò yá fún un láti ìgbà Kérésìmesì. Mo bá a gbé e ti ògiri.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹrin

Mo sọ fún Lágúnjú pé mo fẹ́ kí ọwọ́ gbogbo ọmọ wà lórí yàrá Màmá. Kí ó bu díẹ̀ lára ti Oyèkúnlé, díẹ̀ lára tèmi, díẹ̀ lára ti Fẹ́mi àti ti Bísí, kí ó fi bo ibẹ̀. Ó họ orí. Ó ní kòtò àti gegele ara wọn kò dọ́gba, ti ọ̀kan fẹ̀, ti èkejì há, wọn ò ní gbé ara wọn dáadáa. Mo ní kí ó bá mi wá ọgbọ́n sí i. Ó ní kò burú, òun á fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́. Orí ń fọ́ gbogbo àdúgbò, àyàfi Màmá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀ lánàá, ó sì tú àṣírí wa. Ibi tí páànù kan ti lé orí èkejì, ó yanu, ọwọ́ á wọ̀ ọ́. Omi dà sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá ní ojú mẹ́ta. Ewé gbòdògì, ewé kan náà ni gbogbo rẹ̀, ẹni yòówù kó já a. Páànù kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti lò ju ogún ọdún lọ nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò rò ó kan ibẹ̀, mo kàn ní kí wọ́n mú páànù wá.

Fẹ́mi àti Bísí wá lónìí, wọ́n wò ó. Fẹ́mi ní ti Bísí ló fà á, pé ó fẹ́lẹ́ jù, kí a kó o lọ bo ilé ìdáná. Bísí ní, "Ilé ìdáná náà la máa ń fi mí sí látìgbà tí mo ti dáyé." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Mo dì í mú. Mo sọ fún wọn pé àṣẹ mi ni Lágúnjú tẹ̀ lé, kí wọ́n kó ìbínú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Bísí gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Iléyá ń sún mọ́lé.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹrin

Lágúnjú wá lẹ́yìn ìsìn. Òun náà ní òun jẹ̀bi, pé ó yẹ kí òun kọ̀ fún mi, ojú mi ni òun wò. Ó ní ilé yìí ní apá mẹ́rin, ọmọ náà sì jẹ́ mẹ́rin. Kí páànù ọmọ kan bo apá kan látòkè délẹ̀ láìpa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, kí olúkúlùkù sì wá èyí tó bá kù lára irú tirẹ̀. Kìkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọn yóò ti pàdé. Ó ń pe ibẹ̀ ní fálè, ibi tí omi òrùlé méjèèjì ń gbà sọ̀kalẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ ni òun máa tẹ́ sí i.

Ó wá ku apá wo ni ti ta. Mo ní ti Oyèkúnlé ni kó bo apá yàrá Màmá, òun ló nípọn jù, Oyèkúnlé ni a sì fẹ́ tẹ́ lọ́rùn. Fẹ́mi gbà. Bísí ń wolẹ̀.

Màmá ti bá wa dé ìdí páànù. Wọ́n mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọ́n fi lu ti Oyèkúnlé, wọ́n sì dẹ etí sí i. Wọ́n lu tèmi. Wọ́n lu ti Fẹ́mi. Nígbà tí wọ́n dé ibi ti Bísí, wọ́n lù ú, wọ́n dúró, wọ́n tún un lù.

Wọ́n ní, "Èyí ni kí ẹ fi bo yàrá mi. Ẹ má sì fi àjà sí i."

Lágúnjú ní àjà ni kì í jẹ́ kí ooru pa ènìyàn, pé gbogbo ilé ló yẹ kó ní in. Mo pariwo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí a má fi sí i. Bísí bú sẹ́kún, ó dì mọ́ wọn. Mo mọ ohun tí Màmá ṣe, ọmọ wọn tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé ga. Mo fẹ́ràn wọn gan-an fún un, ṣùgbọ́n mo ń wo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹrin

Lágúnjú fi pọ́líìnì kún ti apá Màmá, ó sún wọn mọ́ra kí afẹ́fẹ́ má baà rí páànù Bísí gbé. Ìṣó tó kàn mọ́ ọn pọ̀ ju ti apá méjì lọ. Fálè mẹ́ta ti parí.

Ọjọ́rú, 3 oṣù karùn-ún

Ó parí. Màmá ti padà sí yàrá wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù wọn ti jẹrà, inú páálí ni aṣọ wọn wà. Fàòsíyà ní ilé òun ti fẹ̀ jù báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù karùn-ún

Òjò ń ṣú, kò rọ̀. A kò tíì mọ̀ bóyá ó ń jò.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù karùn-ún, ọjọ́ kejì Iléyá

Oyèkúnlé dé lánàá pẹ̀lú báàgì ńlá kan, tuntun, ó ṣófo. Kò sọ ẹni tó ni ín, a kò sì bi í. Ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Fàòsíyà gbé ẹran wá lọ́sàn-án òní, a jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Màmá lọ sùn. Èmi, Oyèkúnlé, Fẹ́mi àti Bísí jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ àjà tuntun àti àlúmíníọ̀mù Fẹ́mi. Oòrùn ṣì wà.

Oyèkúnlé ní, "Àǹtí mi, iṣẹ́ yìí dáa, mo rí i. Ká tiẹ̀ ní ò jò, òrùlé kọ́ ni mò ń sọ. Etí ni. Ẹ máa wà nílé ìwé, nǹkan á máa ṣẹlẹ̀, wọn ò ní mọ̀. Mi ò lè máa sùn ní Kàdúná pẹ̀lú èrò yẹn."

Òtítọ́ ni ó ń sọ, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Mo wo báàgì náà. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kí Màmá máa bá a lọ. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Màmá pè mí láti inú yàrá. "Tinú. Ẹ ká aṣọ wọlé, òjò ti dé."

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Fẹ́mi ní wọ́n ń lá àlá ni. Mo jáde sí àkòdì, oòrùn ṣì ń ràn lára ògiri. Omi kán sí mi lápá. Òmíràn kán sí etí ìkòkò.

Mo sáré wọ yàrá wọn. Ibẹ̀ ni ariwo wà. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń dún lórí páànù Bísí bí ẹni ń da àgbàdo sínú abọ́ irin. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àtorí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ." Ìgbà náà ni mo tó rántí ọ̀pá tí wọ́n fi ń lu páànù kiri, àti àjà tí wọ́n kọ̀. Mo jókòó tì wọ́n.

Oyèkúnlé ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo òkè, ó wo Màmá. Wọ́n bi í pé ṣé òun náà gbọ́ ọ. Ó ní òun gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Kí lo wá dúró ń wò? Aṣọ wà níta."

Ó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ká gbogbo aṣọ lórí okùn, ó sì gbé wọn wọlé kí òjò tó dà sílẹ̀ gidi. Wọn kò tutù. Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí mọ́ nínú yàrá náà, gbogbo wa kàn jókòó. Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sínú ìkòkò. Bísí ń fọwọ́ pa ojú bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ibi tó tutù, kò rí i.

Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, Oyèkúnlé lọ gbé báàgì tuntun náà wọlé. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń ká aṣọ Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan, ti orí okùn àti ti inú páálí, ó ń tò wọ́n sínú rẹ̀. Mo rò pé ti Kàdúná ni ó ń dì. Ó pa á dé, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ní ipò kọ́bọ́ọ̀dù tó jẹrà.